Ta Ni Yóò Dúró fún Ìyá Oníbúrẹ́dì?

Ẹni tó bá gbé Ìjẹ̀bú-Òde ní nǹkan bí ọdún 1981 mọ ohun tó ń jí àdúgbò Ìmẹ̀pẹ̀ láàárọ̀. Àkùkọ ń kọ lóòótọ́, àwọn oníwàásù náà ń lu agogo, ṣùgbọ́n òórùn búrẹ́dì ló ń gbé ọmọdé dìde lórí ẹní.

Kì í ṣe búrẹ́dì ayé ìsinsìnyí o, èyí tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, tí èèyàn á tẹ̀ báyìí, á di pẹlẹbẹ. Búrẹ́dì gidi là ń wí. Ó wúwo lọ́wọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n, bí wọ́n bá ya á sí méjì, á máa rú èéfín. Ẹlòmíì á fi àkàrà há a láàárín, ẹlòmíì á máa rì í bọ tíì gbígbóná. Ayé ìgbà náà mà dùn o! Ẹni tó jẹ nínú rẹ̀ ò tíì gbàgbé.

Ilé búrẹ́dì Harold ni òórùn náà ti ń wá. Ọ̀gbẹ́ni Harold Adébùsọ́lá ló dá a sílẹ̀ nígbà tó kọ́ṣẹ́ tán ní Èkó tó padà wálé. Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé, Rose ìyàwó rẹ̀ ni iṣẹ́ náà já lé lọ́wọ́. Ìyá Mobọ́lájí ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí àkọ́bí rẹ̀.

Lórí ibùsùn àìsàn, Harold di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó ní, "Rose, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, má jẹ́ kí iná ààrò yẹn kú."

Iná náà kò kú rí láti ọjọ́ tí Harold ti dá a. Bí wọ́n bá yọ búrẹ́dì tán lójúmọ́, wọ́n á fi eérú bo ẹ̀yinná mọ́lẹ̀, á wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ yìí ni Rose gbé lé àyà. Kì í ṣe owó ló ń lé kiri. Ó kàn fẹ́ kí iná ọkọ òun máa jó ni.

Ohun kan wà tí Harold fi yàtọ̀ sí àwọn agbanisíṣẹ́ yòókù. Kì í wo ìwé kó tó gba èèyàn síṣẹ́. Bí o bá fẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹni tó ti wà níbẹ̀ ni yóò mú ọ wá. Onítọ̀hún yóò dúró lẹ́bàá tábìlì tí wọ́n ti ń po fùláwà, yóò ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú fùláwà, yóò sì wí lójú gbogbo ènìyàn pé, "Èmi ni mo dúró fún un." Ó parí. Bí o bá ṣe dáadáa, ògo ẹni tó dúró fún ọ ni. Bí o bá ṣe ohun ìtìjú, ojú ẹ̀yin méjèèjì ni yóò tì.

Wọn kì í dédé lé ènìyàn níbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ni Harold ń torí rẹ̀ lé ènìyàn, olè jíjà. Kó má baà dójú ti ìdílé ẹni náà, kì í pariwo. Yóò pè é sí yàrá ẹ̀yìn, yóò fi ìwé tí wọ́n fi ń wé búrẹ́dì wé owó oṣù rẹ̀ fún un, yóò ní, "Máa lọ sílé." Kò ní sọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀, onítọ̀hún náà ò sì ní béèrè. Àánú ni Harold rò pé òun ń ṣe. Ṣùgbọ́n gbogbo Ìmẹ̀pẹ̀ ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀: ẹni tó bá gba owó inú ìwé búrẹ́dì, ọwọ́ rẹ̀ ò mọ́.

Lápá ìparí ọdún náà ni ìròyìn kan jáde lórí rédíò. Ìjọba àpapọ̀ ti ṣòfin owó oṣù tó kéré jù lọ. Níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti tó àádọ́ta, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ gba ohun tó dín sí náírà márùndínláàádóje lóṣù.

Ẹ wá wo ayọ̀ nílé búrẹ́dì! Ràmọ́tà, ọmọbìnrin kan tó ń wé búrẹ́dì, fi ọ̀rá búrẹ́dì wé gèlè, ó ń jó yí tábìlì ká.

"Ẹ̀yin ènìyàn, mo ti di olówó! Ẹ má fi ọwọ́ fùláwà kàn mí mọ́ o!"

Bàbá Aláàrò fi igi gbọọrọ tó fi ń ti búrẹ́dì sínú iná lu ilẹ̀. Kàmọ́rù ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọ Ayépé ni, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí Harold gbà síṣẹ́. Òun ni ẹ̀gbọ́n ìyá Ràmọ́tà, òun ló sì mú un wá.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "olówó, wé búrẹ́dì o! Ìjọba tó fi owó kún owó ò ní wá bá ọ wé e."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Rose náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti ń ṣírò iye tí yóò san.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú, Gilbert, àbúrò Harold, yà kí i. Akọ̀wé àgbà ni Gilbert ní ọ́fíìsì kan ní Odògbolú. Láti ọjọ́ tí Rose ti wọlé ọkọ ló ti fún un lórúkọ pé Akọ̀wé, bí ìyàwó ilé ṣe ń fún àwọn ọkọ kéékèèké lórúkọ. Ó gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú rẹ̀, àwọn méjèèjì ń jẹun.

"Ìyàwó wa," ni Gilbert wí, "ẹ ti gbọ́ òfin tuntun yìí?"

"Mo gbọ́, Akọ̀wé. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀."

"Ó yẹ kó bà yín púpọ̀ ni! Òṣìṣẹ́ tó wà nínú ọgbà yín jẹ́ méjìdínlọ́gọ́ta. Àwọn obìnrin tó ń gba búrẹ́dì yín kiri tún wà, wọ́n kún Òkè-Àjẹ, wọ́n kún Ayépé àti Odògbolú. Ṣé ẹ lè san owó yẹn fún gbogbo wọn?"

Rose gbé ṣíbí sílẹ̀. "Gbogbo wọn kẹ̀? Àti àwọn tó ń kiri?"

"Ṣé kì í ṣe búrẹ́dì yín ni wọ́n ń tà ni? Òṣìṣẹ́ yín náà ni wọ́n. Ìyàwó wa, bí ẹ bá san án, kí ọdún tó yípo ẹ ó ti ta ilé yẹn. Iná ẹ̀gbọ́n mi á sì kú."

Ọ̀rọ̀ iná yìí ló gún Rose lọ́kàn.

"Kí ni ẹ wá ní kí n ṣe?"

"Ó rọrùn. Òfin ní àádọ́ta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n di mọ́kàndínláàádọ́ta, òfin ò ní mú yín mọ́. Ènìyàn mẹ́sàn-án péré ni. Ẹ mú un lára àwọn tó ń wé búrẹ́dì. Ta ni ò mọ búrẹ́dì í wé?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?"

"Ẹ má sọ nǹkan kan. Bí ẹ bá ti ń ṣàlàyé, wọ́n á máa sunkún, àánú á ṣe yín, ẹ ò sì ní lè ṣe é mọ́. Ẹ fún wọn lówó oṣù wọn, kí wọ́n máa lọ."

Ẹ má rò pé ènìyàn burúkú ni Gilbert o. Ó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dénú. Àìbéèrè ló ṣe é. Ó gbọ́ òfin lórí rédíò, ó gbọ́ ìdajì, ó sì fi èrò orí ara rẹ̀ dí ìdajì yòókù.

Ọjọ́ tí oṣù parí bọ́ sí Sátidé. Nígbà tí iṣẹ́ tán, Rose pe àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkàn rẹ̀ ò sí lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sùn dáadáa, ojú rẹ̀ wú. Bó ṣe rí ọkọ rẹ̀ tó máa ń ṣe é ló ṣe é; kò rántí ohun tó ń mú kó ṣe é. Ó fi ìwé ìwébúrẹ́dì wé owó oṣù kálukú, ó nà án sí wọn.

Ràmọ́tà wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó rò pé owó tuntun náà ni. Nígbà tó rí ìwé tí wọ́n fi wé e, ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ gbì.

"Mà, kí ni mo ṣe? Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni mo mú?"

Rose ò lè wojú rẹ̀. Ó kọjú sí fèrèsé. "Máa lọ sílé, ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ Harold gẹ́lẹ́. Ràmọ́tà jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kó tó dé títì.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, àwọn ọmọdé Ìmẹ̀pẹ̀ sùn pẹ́. Òórùn kankan ò jí wọn.

Nígbà tí Rose dé ilé búrẹ́dì, ó rò pé òun ṣìnà ni. Kò sí orin, kò sí ìró àgbá omi, kò sí ẹni tó ń bú ẹnìkejì rẹ̀ fún ẹ̀fẹ̀. Bàbá Aláàrò ò wá. Àwọn tó dúró fún àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ò wá. Àwọn tí àwọn yẹn náà dúró fún ò wá. Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Mọ́ṣádé, tó ń gbálẹ̀, ló jókòó sórí àpò fùláwà, òun àti ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ tí ìka ọwọ́ méjèèjì tó kà.

"Ìyá Mọ́ṣádé, àwọn ènìyàn dà?"

"Ìwọ lo lé wọn, ọmọ mi."

"Ènìyàn mẹ́sàn-án ni mo dá dúró!"

"O pe ènìyàn mẹ́sàn-án ní olè." Ìyá náà ò gbé ohùn sókè. "O fi ìwé búrẹ́dì wé owó fún wọn, o ò sọ̀rọ̀. Kí lo rò pé wọ́n máa gbọ́? Àwọn tó ki ọwọ́ bọ fùláwà nítorí wọn, ṣé kí wọ́n wá jókòó síbí kí wọ́n máa wojú rẹ ni?"

Rose gbá orí mú. "Yéè! Mo gbé!" Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Ó sáré lọ sídìí ààrò, ó fi igi wa eérú. Eérú náà ti ń tutù. Nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ̀yinná díẹ̀ ṣì pọ́n, ó kéré, ó ń ṣẹ́jú. Rose kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀, ó ń fẹ́ ẹ lẹ́nu, omijé ń já bọ́ sínú eérú. Bẹ́ẹ̀ ló wà tí mọ́tò kan fi dúró níta.

Mọ́tò ìjàpá aláwọ̀ ewé ni. Gbogbo Ìmẹ̀pẹ̀ mọ ẹni tó ni ín, Ọ̀gbẹ́ni Theophilus, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ọ̀rọ̀ agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí àárọ̀ kan tí kì í yà ra búrẹ́dì kó tó lọ sí ọ́fíìsì.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Ìyá Mobọ́lájí. Ṣé kò sí o? Mo ṣí fèrèsé mọ́tò láti ọ̀nà Ìgbèbá, mi ò gbóòórùn nǹkan kan. Mo ní kí n wá wo ohun tó ṣe búrẹ́dì mi."

Ó kù díẹ̀ kó rẹ́rìn-ín, kó tó rí eérú lójú obìnrin náà. Rose ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún un. Ó ro gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Theophilus jókòó sórí àpò fùláwà, ó bọ́ fìlà.

"Ìyá, àwọn tó ń kiri búrẹ́dì yìí, owó oṣù lẹ ń san fún wọn ni?"

"Rárá. Èrè orí èyí tí wọ́n bá tà ni wọ́n ń jẹ."

"Òfin yìí ò kàn wọ́n nígbà náà. Ẹni tó ń jẹ kọmíṣàn lórí ohun tó tà, òfin yọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń wá fún wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀, ó yọ òun náà sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún, tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ọ̀gá tó ní òṣìṣẹ́ àádọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni wọ́n ń wí."

Rose la ẹnu sílẹ̀. Ẹrù tó ń bà á lẹ́rù láti ọjọ́ yìí wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe tirẹ̀.

"Akọ̀wé ò mọ̀," ló wí.

"Kò béèrè ni. Ọ́fíìsì wa ò sì jìnnà. A ò gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá wá béèrè."

"Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé owó àwọn tó wà nínú ọgbà náà pọ̀? Ẹ má tàn mí jẹ o."

Theophilus mi orí. "Mi ò ní tàn yín. Òfin yìí dùn fún òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lè ta bá iṣẹ́. Ọ̀gá mìíràn á lé ènìyàn. Òmíràn ò ní lé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò ní gba tuntun mọ́. Mo ti rí méjèèjì. Ṣùgbọ́n mo tún ti rí ibi tí owó tó pé ti mú kí òṣìṣẹ́ dúró pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ sọ fún mi, lọ́dọọdún, àwọn tó ń wé búrẹ́dì yìí, mélòó ló ń sá lọ sí Èkó?"

"Wọ́n pọ̀. Bí mo bá kọ́ wọn tán, wọ́n á lọ."

"Ẹ sì tún máa kọ́ òmíràn, òmíràn á sì ba ti ẹ̀ jẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n ṣe. Owó ni ìyẹn náà, ẹ kì í kàn rí i ni. Ẹ ò bá pè wọ́n jókòó kẹ́ ẹ tó lé wọn. Òfin iṣẹ́ tilẹ̀ ti wà tipẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù nítorí owó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ìdí rẹ̀ fún aṣojú wọn. Ẹni tó dé kẹ́yìn ló sábà ń kọ́kọ́ lọ, àyàfi bí iṣẹ́ rẹ̀ bá tayọ. Ẹni tó bá sì ti pẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ fún un ní àkókò ṣáájú. Ẹ kì í kàn na owó sí ènìyàn kẹ́ ẹ ní kó máa lọ."

"Bí mo bá ti sọ ìdí rẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni ò ní pè wọ́n ní olè," ni Rose wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Ẹ ti wá a rí báyìí." Theophilus dìde. "Ẹ wá mọ́kàndínláàádọ́ta, ẹ rí mẹ́wàá. Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ bá Bàbá Aláàrò ní Ayépé. Mo fẹ́ jẹ búrẹ́dì lọ́la."

Rose fi ẹ̀yinná náà lé Ìyá Mọ́ṣádé lọ́wọ́. "Ẹ bá mi ṣọ́ ọ, ìyá. Ẹ má jẹ́ kó kú." Ó ránṣẹ́ pe Gilbert pé kó pàdé àwọn lọ́hùn-ún.

Lójú ọ̀nà, Rose ń wo igi kòkó àti pápá gbágùúdá tó ń sá kọjá. Ó rántí ọjọ́ tí òun àti Harold kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí lórí kẹ̀kẹ́, tí wọ́n lọ bẹ Kàmọ́rù kó wá bá àwọn dáná. Kò sí owó lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn. Harold sọ fún Kàmọ́rù pé òun ò ní nǹkan kan bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu òun. Kàmọ́rù ní ó tó. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi kọ́ ilé yẹn. Rose sì ti lé ènìyàn níbẹ̀ láìsọ̀rọ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ kún ọgbà Bàbá Aláàrò bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀. Ràmọ́tà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fi ìborùn bo orí. Wọ́n ní láàárọ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, obìnrin kan ti fa korobá tirẹ̀ sẹ́yìn nígbà tó rí i.

Rose ò jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún un. Ó kúnlẹ̀ lórí iyanrìn.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́. Kò sí olè nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ọwọ́ wọn mọ́ ju tèmi lọ. Òfin tuntun ló dé, ẹ̀rù bà mí pé iná Harold máa kú. Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀, mi ò sì bá yín sọ ọ́. Ràmọ́tà, o bi mí pé kí lo ṣe, mo kọ ẹ̀yìn sí ọ. O ò ṣe nǹkan kan. Dákun, ọmọ mi."

Gilbert, tó ti dé, dìde láàárín èrò, ó ṣí fìlà. "Èmi ni mo gbà á nímọ̀ràn. Mo rò pé mo mọ òfin. Ẹ foríjì mí."

Theophilus wá ṣàlàyé òfin náà fún gbogbo wọn, ẹni tó kàn, ẹni tí kò kàn, àti ìdí tí kò fi yẹ kí òṣìṣẹ́ náà kàn máa jó láìbéèrè bóyá ọ̀gá rẹ̀ lè gbé e. Nígbà tó ní kí kálukú sọ ibi tí owó ti ń ṣòfò, ẹnu wọn là. Ẹnì kan ní igi tútù tí wọ́n ń rà nítorí pé ó dín lówó ló ń mú kí búrẹ́dì jó níta kó sì rọ̀ nínú. Òmíràn ní fùláwà tó ń dà nílẹ̀ tó láti pò. Wọ́n gbà pé kí wọ́n fi kọ́bọ̀ díẹ̀ lé búrẹ́dì ńlá, kí wọ́n má sì gba òṣìṣẹ́ tuntun lọ́dún náà. Gbogbo rẹ̀ fẹ́ jọ ohun tó ṣeé ṣe.

Ṣùgbọ́n Bàbá Aláàrò ò tíì sọ̀rọ̀. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí iná ti jó tí ó sì ti jinná.

"Ìyá Mobọ́lájí, ọ̀rọ̀ yín dára," ó ní. "Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wọ ilé yẹn lára wa tí ẹnì kan ò dúró fún un. Ẹ̀yin ńkọ́? Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ọ̀gá ni ẹ ṣe wọlé. Bí a bá padà, tí ẹ̀rù mìíràn tún bà yín lọ́la ńkọ́? Ta ni yóò dúró fún yín?"

Rose wò yí ká. Gilbert wolẹ̀. Theophilus pàápàá ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ìyẹn ò sí nínú òfin tó mọ̀. Rose mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni ò bá dáhùn, iná ti kú nìyẹn.

Ràmọ́tà ló dìde. Ó ká ìborùn kúrò lórí. Ó wo ọ̀tún wo òsì bí ẹni ń wá nǹkan, kò sí fùláwà nílé náà. Abọ́ gàrí kan ló wà lórí òkúta níbi tí wọ́n ti fẹ́ mu ún. Ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú gàrí náà.

"Èmi ni mo dúró fún wọn," ló wí.

Ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn pé, "Gàrí mà nìyẹn o, kì í ṣe fùláwà!"

"Pa ẹnu rẹ dé," ni Bàbá Aláàrò wí, ó ti ń wá bàtà rẹ̀. "Gàrí Ìjẹ̀bú ju fùláwà lọ."

Ẹ̀rín bú. Rose ò lè rẹ́rìn-ín, ẹkún ni ó ń sun. Ràmọ́tà fi ọwọ́ tó kún fún gàrí gbé e dìde.

Nígbà tí wọ́n dé Ìmẹ̀pẹ̀, Ìyá Mọ́ṣádé ṣì jókòó síwájú ààrò, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ̀yinná kan ṣoṣo tó kù. Bàbá Aláàrò tẹ̀ ba, ó wò ó. "Ó wà láàyè," ó ní. Ó ju èèpo igi gbígbẹ sí i, iná sì gbà á.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọdé Ìmẹ̀pẹ̀ jí lásìkò.

Rose san owó náà, kò sì lé ẹnikẹ́ni. Ẹ má jẹ́ ká parọ́, àwọn ọmọ méjì kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó tí wọ́n ti ń retí àyè ò rí i gbà lọ́dún náà, ọ̀kan nínú wọn sì gba Èkó lọ. Òfin a máa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nílé dúró, búrẹ́dì ò jó mọ́, Theophilus sì ń yà lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́, iye owó àti iye òṣìṣẹ́ tí òfin ń wí nígbà náà ti yí padà, yóò sì tún máa yí padà. Nítorí náà, ẹ má fi ohun tí ẹnì kan gbọ́ ṣe òfin. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kí ẹ béèrè ẹni tó kàn àti ẹni tí kò kàn. Bí ẹrù bá fẹ́ wúwo, ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ yín jókòó kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni sí yàrá ẹ̀yìn. Àwọn ló mọ ibi tí fùláwà ti ń dà.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, owó tí òfin ní kí ẹ gbà kì í ṣe ojúure ọ̀gá, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ má gbà kí wọ́n fi ẹ̀rù gbà á lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá fẹ́ dá yín dúró, ẹ béèrè ìdí rẹ̀, kí ẹ sì béèrè àkókò tó tọ́ sí yín. Ṣùgbọ́n bí ilé bá ń jó, ẹ bá onílé bu omi.

Bó bá sì di dandan kí o dá ènìyàn dúró, má ṣe kọ ẹ̀yìn sí i. Sọ ìdí rẹ̀ fún un, lójú àwọn tó mọ̀ ọ́n. Owó oṣù tí o bá jẹ ènìyàn, òfin lè bá a gbà á. Ṣùgbọ́n orúkọ rere tí o bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nídákẹ́jẹ́, ẹnu ara rẹ ni o máa fi dá a padà.